Pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n rì sábẹ́ igi máńgòrò

Ọjọ́ Sátidé ni, mo lọ ra iṣu, mo wá gba orí ilẹ̀ ìjọba tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa kọjá bí mo ṣe máa ń ṣe, kí oòrùn títì má baà pa mí, ni mo bá rí pẹ́ẹ̀gì. Pẹ́ẹ̀gì onígi tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn lórí, okùn funfun lọ láti ara ọ̀kan dé ara ìkejì, ọ̀kan dẹ̀ wà lábẹ́ igi máńgòrò ńlá yẹn gangan, níbi táwọn ọmọ àdúgbò máa ń kó bàtà wọn jọ sí tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo gbé iṣu sílẹ̀, mo ń wò ó. Ọmọkùnrin kan tó ń da ewúrẹ́ sọ fún mi pé àwọn sọ̀fíyọ̀ ló wá ní Tọ́sìdeè, wọ́n ní ìjọba fẹ́ kọ́lé síbẹ̀, ilé tówó ẹ̀ ò ní wọ́n.

Mi ò ní parọ́ fún yín, inú mi kọ́kọ́ dùn ni. Ayálégbé ni mí. Yàrá àti pálọ̀ ni mo ń gbé pẹ̀lú ìyàwó mi àtọmọ méjì, àwa ìdílé mẹ́ta la jọ ń lo ilé ìdáná kan, lańlọ́ọ̀dù dẹ̀ ti kọ̀wé sí wa lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún méjì pé owó ilé ti lé. Ẹni tó bá ti wá ilé ní Òṣogbo láìpẹ́ yìí á mọ ohun tí mò ń sọ. Ajẹ́ńtì á mú ẹ lọ sí Ọ̀ta-Ẹ̀fun, á mú ẹ lọ sí Kelebe, wàá sanwó àtiwo ilé kó o tó wo ilé, tó o bá wá rí èyí tó wù ẹ́ wọ́n á ní ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, àgírímẹ́ńtì lọ́tọ̀, kọmíṣọ̀n lọ́tọ̀, owó tí wọ́n á fi dúró de nǹkan tó o bá bàjẹ́ lọ́tọ̀, o ò dẹ̀ ní rí ìyẹn gbà mọ́ láyé. Àbúrò mi obìnrin, nọ́ọ̀sì ni, Òṣogbo níbí ló ti ń ṣiṣẹ́ àmọ́ Ìlobù ló ń gbé torí ibẹ̀ lagbára ẹ̀ ká, tó bá ṣiṣẹ́ òru, ojú títì ló máa ń wà láàárọ̀ kùtùkùtù tó ń wá mọ́tò, ojú ẹ̀ á ti pọ́n. Nítorí náà tí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ kọ́lé tówó ẹ̀ ò wọ́n, ẹ má retí pé kí n sọ pé rárá.

Ìgbà tí mo délé tí mo ń bẹ iṣu ni ọkàn mi wá ń dàrú.

Torí mo mọ ilẹ̀ yẹn. Kì í ṣe ilẹ̀ lásán táwọn èèyàn kàn gbàgbé. Apá òkè ẹ̀ ló gbẹ, ibẹ̀ ni pápá bọ́ọ̀lù wà, ibẹ̀ náà la ti máa ń kírun Iléyá. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá rọra ń lọ sísàlẹ̀, igi tííkì àti mẹlaínà pọ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn wọn ni àkúrọ̀ àti odò kékeré kan tó ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun. Inú àkúrọ̀ yẹn ni ìyá olóòlẹ̀ àdúgbò wa ti ń já ewé eéran, gbogbo wa la jẹ ọ̀lẹ̀ yẹn dàgbà, tó bá fi ọ̀rá wé e a máa ń bá a jà. Alágbo tó wà ní jọ́ńṣọ̀n, ibẹ̀ ló ti ń já ewé akòko àti ewúro jíje ẹ̀. Nígbà ooru, ní oṣù kejì sí ìkẹta, tí NEPA ò bá sí tí páànù ilé bá gbóná bí ẹní gbé e lé iná, abẹ́ igi wọ̀nyẹn làwọn àgbà máa ń gbé àga lọ. Màmá mi náà máa ń lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà, ó ní abẹ́ igi yẹn lòun ti ń rí mí.

Ọ̀rọ̀ òjò dẹ̀ tún wà níbẹ̀. Tí òjò ńlá bá rọ̀, gbogbo omi tó ń ti orí páànù àti orí títì bọ̀, ilẹ̀ yẹn ló ń gbà á. Ewé á kọ́kọ́ gba òjò náà kó má rọ́ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbòǹgbò ti ṣí ilẹ̀ sílẹ̀, omi á wá máa wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó tó dódò yóò ti rọ̀. Ẹ ro ó wò kí wọ́n da kọ́ńkéré àti ìńtálọ́ọ̀kù bo gbogbo ẹ̀. Omi ò ní wọlẹ̀ mọ́, á sáré ni, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló máa lọ bá. Ẹ lọ bi àwọn tó ń gbé etí odò ní Òṣogbo yìí, àwọn tó ti gbé fóòmù àti firíìjì sórí tábìlì lóru nígbà tí Ọ̀ṣun kún. Ilé mẹ̀kúnnù ni ìlú ń wá, àmọ́ ilé mẹ̀kúnnù náà lomi ń wọ̀.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni Òṣogbo fi bẹ̀rẹ̀. Mùsùlùmí ni mí, mi ò bọ Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n mo mọ ìtàn ìlú mi, gbogbo wa la kọ́ ọ nílé ìwé. Ọ̀dá lé Láròóyè àtàwọn èèyàn ẹ̀ jáde, Tìmẹ́hìn ọdẹ ló rí omi, wọ́n dé etí Ọ̀ṣun, wọ́n ń ṣán igbó kí wọ́n lè kọ́lé, igi kan wó sínú odò, ohùn kan bá ké látinú omi pé gbogbo ìkòkò aró òun lẹ ti fọ́ tán, ẹ̀yin oṣó inú igbó, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ibẹ̀ lorúkọ ìlú ti wá. Apá tí a kì í tẹnu mọ́ ni ohun tó tẹ̀ lé e. Ọ̀ṣun ò lé wọn padà síbi tí wọ́n ti ń bọ̀ o. Ó ní kí wọ́n sún sókè, kí wọ́n fi etí omi sílẹ̀ fóun, òun náà á máa dáàbò bò wọ́n. Wọ́n sún. Wọ́n gbé ààfin gòkè, ojúbọ ńlá tó wà nínú igbó dòní, ibi ààfin àkọ́kọ́ ni. Èmi ń rí i báyìí pé ẹni tó dá ìlú yìí sílẹ̀ ti yanjú ọ̀rọ̀ ilé àti igbó kí ẹnikẹ́ni tó ya pulánù: ilé lókè, igi létí omi, kò sẹ́ni tó pàdánù nínú àwọn méjèèjì.

Igbó Ọ̀ṣun yẹn náà, ó kù díẹ̀ kó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Láàárín ọdún 1950 síwájú, ìjọba ìgbà náà ti gba apá kan nínú ẹ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀, wọ́n gé igi, wọ́n gbin tiwọn, àwọn olè ń jí ère orí ojúbọ. Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, òun àtàwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí ló dúró tì í. Ọdún 1965 ni wọ́n sọ apá kan di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, ó di 1992 kí wọ́n tó mú un dé hẹ́kítà 75, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, wá gbà á sára àwọn ibi ìṣẹ̀ǹbáyé àgbáyé ní 2005. Ó lé ní 400 oríṣi ewéko tó wà níbẹ̀, ó dẹ̀ lé ní 200 nínú wọn tí wọ́n fi ń ṣe egbòogi. Mo ṣírò ẹ̀ lọ́jọ́ kan: pulọ́ọ̀tù ẹsẹ̀ bàtà 50 ní 100, hẹ́kítà kan á gbà tó 21, tí wọ́n bá ti yọ títì kúrò á máa lọ sí bíi 15. Hẹ́kítà 75 á lé ní ẹgbẹ̀rún kan pulọ́ọ̀tù ká tó yọ títì. Tí wọ́n bá ti gé e tà nígbà yẹn, àwọn tó rà á ò bá ti kọ́lé, wọ́n ò bá ti mọ fẹ́ǹsì, Òṣogbo ò bá dẹ̀ má ní nǹkan kan tí ará òkèèrè ń tìtorí ẹ̀ wá lóṣù kẹjọ.

Àdùnní yìí náà ló mú mi dé ibi tí mo ti rí ohun tó tù mí nínú. Ọmọ Ọ́síríà ni, Vienna ló ti kọ́ iṣẹ́ ọnà nígbà tó wà lọ́mọge. Mo wá ń kà nípa Vienna ayé ìgbà yẹn, mo rí i pé lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, ilé ò sí rárá, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé bíi sàdín nínú agolo, ìjọba ìlú wá gbé owó orí ilé kalẹ̀ ní 1923, ẹni tílé ẹ̀ bá tóbi ló ń san jù, owó yẹn ni wọ́n fi ń kọ́lé fáwọn òṣìṣẹ́. Kó tó di 1934, ilé tí wọ́n kọ́ ti lé ní 60,000. Èyí tó lókìkí jù nínú ẹ̀ ni Karl-Marx-Hof, 1927 sí 1930 ni wọ́n kọ́ ọ, ilẹ̀ ẹ̀ tó 150,000 mítà níbùú lóròó, fúláàtì 1,382 ló wà nínú ẹ̀. Ẹ wá gbọ́ èyí tó jẹ́ kí n dìde jókòó: ilé ò gbà ju bíi 18 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ yẹn lọ. Ìyókù, ọgbà ni, igi ni, ibi ìṣeré ọmọdé ni.

Ẹ jẹ́ ká fi pulọ́ọ̀tù tiwa ṣírò ilẹ̀ kan náà. 150,000 mítà á fún wa ní bíi 320 pulọ́ọ̀tù, ká tó yọ títì o. Báńgálò 320, fẹ́ǹsì 320, ṣáláńgá àti kànga 320, igi òdo. Àwọn yẹn kó ìdílé 1,382 síbẹ̀, igi ṣì ṣẹ́kù. Látọjọ́ tí mo ti ṣe ìṣirò yẹn ni mi ò ti gbà fún ẹni tó bá ní ká yan ọ̀kan nínú ilé àti igi. Pulọ́ọ̀tù ló ń jẹ igi wa, bá a ṣe gbà pé ẹni tó bá ti nílé gbọ́dọ̀ ní fẹ́ǹsì tirẹ̀ àti géètì tirẹ̀ tí ò sí nǹkan kan láàárín àwa àti aládùúgbò.

Mo sọ ọ́ fún bàbá kan tó jẹ́ bíríkìlà àgbà ládùúgbò wa, ó mi orí. Ó ní, "Ọmọ mi, Yorùbá ò lè gbé orí ara wọn báyìí. Níbo lèèyàn á ti sin òkú bàbá ẹ̀? Níbo lèèyàn á ti sin adìyẹ?" Mi ò ka ọ̀rọ̀ ẹ̀ sí kékeré, torí òótọ́ ló sọ, ilé tí kò nílẹ̀ tìẹ, ó ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rù, omi tí pọ́ńpù ò lè gbé dókè náà, ẹ̀rù gidi ni. Ṣùgbọ́n mo bi í pé bàbá, níbo lẹ ti dàgbà? Ó ní agbo ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni. Mo ní báwo ló ṣe rí? Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn, torí ó ti mọ ibi tí mò ń lọ. Agbo ilé, yàrá yí ká, àgbàlá wà láàárín, igi osè tàbí igi ọdán kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ilé ń jókòó sábẹ́ ẹ̀, kànga kan, ìdílé ogún. Hof tí wọ́n ń pè nínú orúkọ ilé Vienna yẹn, àgbàlá ló túmọ̀ sí. Ohun táwọn òyìnbó yẹn ń kọ́ ní 1927, a ti ń gbé inú ẹ̀ rí. Tí a bá kọ́ irú ẹ̀ níbí, kò gbọdọ̀ ga kọjá pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta, kó má di pé ìyá àgbà á máa gun àtẹ̀gùn títí ẹ̀mí á fi já. Bàbá náà ní tó bá rí báyẹn, òun á wá lẹ búlọ́ọ̀kù ẹ̀.

Ibi tó ti wá ń dùn mí nìyí. Ilé tówó ẹ̀ ò wọ́n, a ti gbọ́ ọ rí. Láyé Ṣàgàrí wọ́n kọ́ lókọ́ọ̀sì káàkiri ìpínlẹ̀, ẹ lọ wo àwọn tó ń gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ lónìí, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe rí i. Nígbà tí bàbá mi ṣì wà láyé, ó kọ fọ́ọ̀mù fún ilé ìjọba kan, ó san owó fọ́ọ̀mù, tíṣà ni, ó lọ ó bọ̀ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n ń ní ó kù díẹ̀. Ilé náà parí lóòótọ́. Ẹni tí wọ́n fún ní ojúlé tí wọ́n dárúkọ fún bàbá mi, ó ti nílé méjì tẹ́lẹ̀, kò dé ibẹ̀ rí, ó kàn gbé e fún ayálégbé ni. Bàbá mi kú sínú ilé onílé. Ìwé fọ́ọ̀mù yẹn ṣì wà nínú báàgì màmá mi, ó ti pọ́n.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lóye àwọn ará Berlin ní Jámánì. Wọ́n ní pápá ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ kan níbẹ̀, Tempelhof, wọ́n tì í ní 2008, ilẹ̀ ìjọba ni, ó lé ní 300 hẹ́kítà láàárín ìlú, àwọn èèyàn wá sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́. Ìjọba ìlú ní àwọn fẹ́ kọ́ bíi 4,700 ilé sí etí ẹ̀. Wọ́n dìbò sí i ní 2014, 64 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ní kí wọ́n má kan ibẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ ò gbàgbọ́ pé ẹni tílé ń jẹ níyà ló máa wọ ilé náà. Àmọ́ owó ilé ò dúró ní Berlin, ó ń gòkè ni, ọ̀rọ̀ pápá yẹn ti tún ń jẹ yọ. Èmi ò fẹ́ ká débẹ̀. Mi ò fẹ́ ká kọ ilé nítorí pé a ò gba ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ gbọ́, torí àbúrò mi ń bẹ ní Ìlobù tó ń wọ mọ́tò.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ni pé òfin ilẹ̀ 1978 ò sọ pé gómìnà ló ni ilẹ̀ bí èèyàn ṣe ń ni àgbàdo inú àpò. Ó ní ó wà níkàáwọ́ ẹ̀ fún gbogbo ará ìlú, fún ànfààní gbogbo wa. Nítorí náà tí ìjọba bá gé ilẹ̀ yẹn sí pulọ́ọ̀tù tó ń tà á fún ẹni tó lówó jù, tó wá ń pe é ní ilé mẹ̀kúnnù, ohun tí wọ́n fún un tọ́jú ló tà. Tó bá ti tà á dẹ̀ ti tán nìyẹn, C of O, ìwé àṣẹ ilẹ̀, ọdún 99, ọmọ ọmọ wa gan-an ò ní rí i gbà padà. Ilé tó bá wà lórí ilẹ̀ tó ṣì jẹ́ tìjọba, táwọn èèyàn ń yá gbé lówó tí kò pa wọ́n lára, tí wọn ò lè tà fún ẹlòmíì, ìyẹn la lè máa pè ní ti gbogbo ìlú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá a pàdé lábẹ́ igi máńgòrò náà lẹ́yìn ìrun Alásàrì, a tó ogójì. Ariwo pọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ní àwọn á fa pẹ́ẹ̀gì tu lóru, àwọn ayálégbé ní tẹ́ ẹ bá tu ú a ó bá yín jà, ìyá olóòlẹ̀ kàn jókòó síbẹ̀ kò sọ nǹkan kan títí ìpàdé fi fẹ́ parí, ló wá bi ẹnì kan tó mọ̀wé nínú wa pé ṣé pẹ́ẹ̀gì ọ̀hún wọ àkúrọ̀. A bá dìde, gbogbo wa rìn tẹ̀ lé okùn funfun yẹn lọ sísàlẹ̀. Ó wọ àkúrọ̀ lóòótọ́. Mẹ́jọ nínú àwọn pẹ́ẹ̀gì yẹn wà nínú ibi tó ń rọ̀, bàtà ẹlòmíì há sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀. Ariwo yẹn bá lọlẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù àti ayálégbé, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn síbi tó wà níwájú wa yẹn.

Ibẹ̀ la ti fẹnu kò. Lẹ́tà ojú ìwé méjì la kọ, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. A ní kí wọ́n kọ́lé náà, kí wọ́n kọ́ ọ sápá òkè tó gbẹ, kó jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta tó yí àgbàlá ká, kí wọ́n má gé e ní pulọ́ọ̀tù, kí ilẹ̀ má kúrò lọ́wọ́ ìjọba, kí wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó bá rí ilé gbà mọ́ ara ògiri fún gbogbo ayé láti kà. A ní kí wọ́n fi ààyè ìrun àti pápá àwọn ọmọ sílẹ̀, bó bá kéré ju ti tẹ́lẹ̀ a ó gbà. Láti ibi tí igi tííkì ti bẹ̀rẹ̀ títí dé odò, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Igi máńgòrò ńkọ́? Ó bọ́ sápá òkè, ó dẹ̀ wà lójú ilé gan-an. A fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí ẹ̀. Níkẹyìn a kọ ọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kó wà láàárín àgbàlá.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni èmi àti bàbá bíríkìlà gbé e lọ sí Abẹ́rẹ̀, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà. A jókòó láti aago mẹ́sàn-án títí di bíi méjì. Akọ̀wé obìnrin tó gbà á ka ojú ìwé àkọ́kọ́, ó ṣí i sí ìkejì, ó ní, "Ẹ̀yin ayálégbé lẹ ní kí wọ́n má gé igi?" Bàbá ní, "Àwa náà ni, Mà." Ó wò wá fúngbà díẹ̀, ó lu òǹtẹ̀ sórí kọ́pì tiwa, ó dá a padà fún wa. Inú báàgì màmá mi ló wà báyìí, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù bàbá mi.